Ẹ má jẹ́ kí ọmọṣẹ́ agẹṣin sáré ná pọ́ùn 7 rẹ̀

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwọn òbí wa ní Ìlú Ọba, tí ọmọ wọn fẹ́ fi eré ẹṣin jẹun, ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Tọ́mọ bá ti pé ọdún 16, ó lè gba ìwé àṣẹ agẹṣin lábẹ́ ọ̀gá tó ń kọ́ ẹṣin; òun là ń pè ní ọmọṣẹ́. Àwọn òbí á wá máa bi ọ̀gá pé ìgbà wo lọmọ àwọn máa gbégbá orókè. Wọ́n ń kánjú jù.

Àǹfààní tí òfin fún ọmọṣẹ́ dà bí owó ìdókòwò: bó ṣe ń borí ló ń ná an. Nínú eré tí kò ní ìfò, wọ́n á yọ pọ́ùn 7 (ìwọ̀n ni o, kì í ṣe owó) kúrò nínú ẹrù tí wọ́n bù fún ẹṣin rẹ̀ láti gbé, títí yóò fi borí nígbà 20. Ó di pọ́ùn 5 títí dé 50, pọ́ùn 3 títí dé 95, ó tán nìyẹn. Lórí eré máìlì kan, nǹkan bíi pọ́ùn 2 ni wọ́n ń kà sí gígùn ẹṣin kan, ìyẹn àlàfo tó gùn tó ẹṣin kan níbi tí eré parí sí, nítorí náà pọ́ùn 7 kì í ṣe kékeré. Torí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ṣe ń pe ọmọ. Lọ́jọ́ tó bá tán, ọmọ mìíràn tó ní 7 ni wọn yóò pè.

Bí wọ́n bá bù pọ́ùn 130 fún ẹṣin, 123 lọmọ yóò wọ̀n, tòun ti gàárì àti bàtà. Akoto àti pàṣán kò sí níbẹ̀. Bó bá fúyẹ́ jù, wọ́n á fi òjé dí i. Bó bá wúwo jù, pọ́ùn 7 ò pé mọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í febi panú, apá rẹ̀ á sì rọ nígbà téré bá le. Tí kò bá padà sórí òṣùwọ̀n lẹ́yìn eré, wọ́n á fagi lé ẹṣin náà.

Ohun tó ń ba ọmọṣẹ́ jẹ́ jù ni àìmọ bó ṣe yẹ kí eré yá tó. Ó ṣì ku mítà 600, ó ti tú ẹṣin sílẹ̀. Agbára ẹṣin á tán, ọmọ á gbé pàṣán. Ìgbà 6 péré lòfin gbà kó fi nà án. Tó bá di 10, wọ́n á gba ipò lọ́wọ́ ẹṣin. Ìdánrawò àárọ̀ kùtù ni wọ́n ti ń kọ́ ọ: kó máa ka ìṣẹ́jú-àáyá lọ́kàn láti òpó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà eré dé òpó kejì, nǹkan bíi mítà 200. Bí ọ̀gá bá ní 15, tọ́mọ fi 13 débẹ̀, kò tíì yẹ kó máa sáré lójú èrò.

Ẹ wo agẹṣin Oisin Murphy: ó borí gbogbo ọmọṣẹ́ ní Ìlú Ọba ní 2014. Ó di 2019 kó tó di olórí àwọn agẹṣin pátápátá. Yálà ilé ẹ̀kọ́ agẹṣin tó wà ní Newmarket ni ọmọ yín ti jáde ni o, tàbí ti Doncaster, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi ọ̀gá náà: ẹṣin mélòó ni yóò máa gùn láàárọ̀, ta ni yóò sì jókòó tì í wo fídíò gbogbo eré tó bá sá?

Òǹkàwé yín,
Lọ́ńdọ̀nù