Má tíì fi ayùn kan àwọn pákó yẹn

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo ka mẹ́sééjì ẹ láàárọ̀ yìí, inú mi dùn gan-an pé ara ẹ le, tàwọn ọmọ náà le. Ṣùgbọ́n ibi tó o ti sọ pé wọ́n fún ẹ ní pákó àtijọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí wọ́n tú kúrò lẹ́yìn ilé ẹnì kan, pé o fẹ́ gé e, o fẹ́ fi sánpépà fá a, o fẹ́ fi kan àpótí tó o máa gbin ẹ̀fọ́ sí àti jangirọ́fà fáwọn ọmọ, kó o wá máa fi èyí tó bá ṣẹ́ kù dáná nígbà òtútù, ibẹ̀ yẹn ló já mi láyà. Jọ̀ọ́, má tíì ṣe nǹkan kan.

Pákó tó wà níta nínú òjò àti oòrùn fún bí ogún ọdún tí ikán ò jẹ, tí ò sì jẹrà, àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ pé wọ́n ti fi kẹ́míkà sí i lára. Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n máa kó pákó sínú táǹkì irin gbọọrọ kan, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, wọ́n á wá fi agbára ti omi kẹ́míkà wọnú igi yẹn, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe pé ojú pákó nìkan ló wà, tó o bá fá òkè kúrò ó ṣì wà nísàlẹ̀. Èyí tí wọ́n lò jù láyé ìgbà yẹn ni CCA, kẹ́míkà tí wọ́n fi chromium (irú irin kan), bàbà àti arsenic pò pọ̀. Bàbà ò jẹ́ kí igi jẹrà, arsenic ń lé kòkòrò, chromium ló ń so wọ́n mọ́ igi. Arsenic yẹn ni mo ń bá ẹ sọ. Májèlé ni, ó sì ń fa jẹjẹrẹ awọ ara, ti ẹ̀dọ̀fóró àti ti àpò ìtọ̀.

Ní Amẹ́ríkà wọ́n ti dáwọ́ dúró láti ìparí ọdún 2003, wọn ò fi sí pákó tí wọ́n ń lò nílé gbígbé mọ́, ilẹ̀ Yúróòpù náà ká a lọ́wọ́ kò ní 2004. Àmọ́ ẹnikẹ́ni ò sọ pé kí wọ́n tú èyí tí wọ́n ti kàn sílẹ̀, torí náà ó ṣì pọ̀ lẹ́yìn ilé àwọn èèyàn, òun náà ni wọ́n ń tú kúrò báyìí tí wọ́n ń fi ta ara wọn lọ́rẹ. Má sì sọ pé o máa fi ojú mọ̀ ọ́n o. Tó bá ṣì tuntun ó máa ń ní àwọ̀ ewé díẹ̀, ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti pa á fún ọdún púpọ̀ eérú lásán ló máa jọ, bíi pákó yòókù.

Mi ò sọ pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan ti kú nìyẹn. Ọwọ́ ṣeé fọ̀. Iná àti lẹ́búlẹ́bú ni wàhálà ńlá tó wà níbẹ̀, iná ló sì burú jù. Iná kì í jó arsenic tán, díẹ̀ máa bá èéfín lọ, èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ máa jókòó sínú eérú. Ẹbí kan wà ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà kọ nípa wọn ní 1984, irú pákó yìí gan-an ni wọ́n ń fi dáná nínú ilé kí ara wọn lè móoru. Tí ìgbà òtútù bá ti dé àìsàn á bẹ̀rẹ̀, ara wọn ń sú, imú wọn ń ṣẹ̀jẹ̀, irun orí bàbá àti ìyá ń re dànù, nígbà tí wọ́n sì máa yẹ irun àti èékánná wọn wò, arsenic ni wọ́n bá níbẹ̀. Gbogbo ilé o, àtàwọn ọmọ. Nígbà tó o wá kọ ọ́ pé o máa fi dáná, àwọn ọmọ ẹ ni mo rò. Kódà eérú ẹ̀, má dà á sóko, má jẹ́ kí ẹran tàbí ajá lá a.

Ti àpótí ẹ̀fọ́ yẹn náà, gbàgbé ẹ̀ jàre, òjò máa ń fọ arsenic jáde díẹ̀díẹ̀ sínú ilẹ̀ tó sún mọ́ pákó. Jangirọ́fà ńkọ́? Ọmọdé á di igi mú, á sì ti ọwọ́ kan náà bọ ẹnu, o ò lè máa ṣọ́ wọn títí.

Tó bá wá di dandan kó o gé èyíkéyìí, kódà tuntun tí wọ́n ń tà báyìí tí ò ní arsenic, torí bàbà ló kún inú ìyẹn, ìta gbangba ni kó o ti gé e, tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ kó o lè kó lẹ́búlẹ́bú ẹ̀ dànù, wọ ìbọ̀wọ́, bo ojú ẹ, kó o sì lo ìbomú tó dáa, irú tó ń sẹ́ lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń pè ní N95 ó kéré tán, aṣọ tí wọ́n kàn so mọ́ imú ò ṣe nǹkan kan. Lẹ́búlẹ́bú igi lásán pàápàá, tí wọn ò fi nǹkan kan sí, wọ́n ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ihò imú fáwọn tó ń fà á símú fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn kápẹ́ńtà kì í ka ìyẹn sí rárá, ó sì máa ń dùn mí. Fọwọ́ kó o tó jẹun, aṣọ tó o fi ṣiṣẹ́, dá a fọ̀, má pò ó mọ́ tàwọn ọmọ. Tí ẹ̀gún ẹ̀ bá gún ẹ, yọ ọ́ kíá, fi ọṣẹ fọ ibẹ̀.

Tó o bá rí èyí tó dúdú, tó ń rùn bí ọ̀dà nínú wọn, irú igi tó máa ń wà lábẹ́ irin rélùwéè, creosote ni wọ́n fi sí ìyẹn, òróró dúdú kan tí kì í jẹ́ kí igi jẹrà, má tiẹ̀ gbé e wọlé. Tó bá kan ara, tí oòrùn wá pa ibẹ̀, ńṣe ló máa jó awọ bí iná.

Pe àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ládùúgbò ẹ, bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń gbé irú pákó bẹ́ẹ̀ lọ. Kó o tó pè wọ́n, ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, yà á súnmọ́ dáadáa, ní pàtàkì orí pákó níbi tí wọ́n máa ń lu òǹtẹ̀ sí, wọ́n sì lè fi ìwé kékeré kan mọ́ ọn nígbà míì. Mò ń retí ẹ̀ lálẹ́ yìí. Bá mi kí ìyàwó, bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ ẹ.