Akoto tí ẹ fi kọ́ ọwọ́ ọ̀kadà kò lè gba orí yín

Olóòtú àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Ọ̀kadà ni mo fi ń bọ́ ìdílé mi ní Òjóò, n'Ìbàdàn níbí, láti ọdún 2004. Ọ̀nà Ṣáṣá àti ọ̀nà Mọníyà ni mo máa ń ná jù, pàápàá láti ọdún 2021 tí rélùwéè Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbérò ní Mọníyà, torí ẹni tó ń sáré bá ọkọ̀ ojú irin kì í fẹ́ dúró de mọ́tò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ nínú ìwé yín. Mo mọ̀ pé wọ́n á rí i, a máa ń kà á fún ara wa lábẹ́ ibòòrùn nígbà tí èrò bá dá.

Nígbà òjò èṣí ni mo ṣubú, lẹ́bàá ọjà Ṣáṣá. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé bí wọ́n bá ń já tòmátò tó ti Òkè Ọya wá, èyí tó ti rà nínú rẹ̀ máa ń ṣomi sórí títì, omi náà á sì máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ọmọkùnrin kan ti ọmọlanke sọdá níwájú mi. Mo tẹ búrékì, táyà ẹ̀yìn yọ̀ lọ, kí n tó ké yéè, mo ti wà nílẹ̀. Ọlọ́run bá mi ṣe é, n kò gbé èrò. Akoto wà lórí mi lọ́jọ́ náà, mo sì ti de okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n. Ṣùgbọ́n sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ mi, ṣẹ́ẹ̀tì alápá péńpé ni mo wọ̀, n kò sì wọ ìbọ̀wọ́.

Etí kọnkéré gọ́tà ni orí mi lọ gbá. Mo gbọ́ ìró rẹ̀, gbà, bí ìgbà tí èèyàn fọ́ àgbọn mọ́ òkúta. Nígbà tí mo bọ́ akoto náà, fóòmù funfun inú rẹ̀ ti sán láti etí kan dé èkejì. Orí kò tilẹ̀ fọ́ mi. Ọwọ́ ló dá mi lóró. Kò sí ẹni tí yóò ṣubú tí kò ní fọwọ́ lélẹ̀, ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ni mo fi wọ́ ilẹ̀ títí mo fi dúró, awọ ibẹ̀ sì bó bí èèpo iṣu sísè. Sílípáàsì ti fò lọ ní tirẹ̀, irin ìtẹ̀sẹ̀ ọ̀kadà wá tẹ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì mi mọ́lẹ̀. Títí di òní, èékánná ibẹ̀ kò hù mọ́.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan fi omi iyọ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré fọ ẹran ọwọ́ mi tó ti hàn síta, ó ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ irin. Mo ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń ró kin, kin, kí n lè fi gbàgbé ìrora. Mo ti ka 17 kí ó tó kan ọwọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni báńdéèjì fi wà lọ́wọ́ mi. Ìyàwó mi ló ń fi òkèlè sí mi lẹ́nu níṣojú àwọn ọmọ, òun náà ló sì ń wá owó tí òkèlè náà fi ń délé.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ wo ìdíkọ̀ wa láàárọ̀. Akoto wà lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀kadà ló wà, wọ́n fi kọ́ ọ bí ẹni gbé àpò kọ́. Bí wọ́n bá fojú gán-án-ní aṣọ àwọn Road Safety lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á sáré dé e láì de okùn. Akoto tí a kò de okùn rẹ̀ á ti fò lọ kí orí tó kanlẹ̀. Mo wà lójú títì ní oṣù kìíní ọdún 2009 nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í mú wa lórí akoto, tí àwọn ọlọ́kadà kan nílẹ̀ yìí ń dé igbá àti ìkòkò kí wọ́n má bàa mú wọn. Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé láti ìgbà yẹn wá, ọlọ́pàá la ń torí rẹ̀ dé akoto, a kò torí ilẹ̀ dé e.

Ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló là mí lọ́yẹ̀ lórí fóòmù yẹn. Ó jọ èyí tí wọ́n fi ń ti tẹlifíṣọ̀n nínú páálí. Òun ló ń rún kí agbárí má bàa rún, bó bá sì ti rún lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn, kí a ju akoto náà nù. Akoto àwọn bíríkìlà kò ní irú fóòmù bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e gun ọ̀kadà. Ó tún sọ fún mi nípa Lawrence, sójà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó lókìkí, tó yà fún àwọn ọmọkùnrin méjì orí kẹ̀kẹ́ lọ́dún 1935, tó ṣubú lórí alùpùpù láì dé akoto, tó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà. Hugh Cairns wà lára àwọn dókítà tó tọ́jú rẹ̀. Ikú náà kò kúrò lọ́kàn dókítà yìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí lórí àwọn sójà tó ń fi alùpùpù jíṣẹ́, nígbà tó sì di ọdún 1941, ilé iṣẹ́ ológun wọn pa á láṣẹ pé kí gbogbo wọn máa dé akoto lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó ṣàkójọ ìwádìí oríṣiríṣi lọ́dún 2008 sì rí i pé akoto ń dín ìpalára orí kù ní ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ń dín ikú kù ní ìdá 42.

A dúpẹ́ pé a ní ilé ìwòsàn UCH nílùú wa. Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lọ́dún 1962. Àmọ́ ọmọ mi ní bí wọ́n tilẹ̀ ṣí agbárí, tí wọ́n kó ẹ̀jẹ̀ tó dì kúrò, ọpọlọ tó ti gbọgbẹ́ kì í san bí eegun ẹsẹ̀ tó kán ṣe ń san.

Wọ́n á ní ooru ń mú, wọ́n á ní kò sówó. Ooru ń mú lóòótọ́. Ẹ bọ́ ọ bí ẹ bá dúró de èrò. Ní ti owó, ọ̀dọ̀ àwọn oníbòsíkọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ìwó Road ni mo ti ra jákẹ́ẹ̀tì jíǹsì alápá gígùn àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Owó bàtà náà kò tó owó epo ọjọ́ méjì. Mo ra ìbọ̀wọ́ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jẹ́ awọ, kì í ṣe ti wẹ́dà tí kò ní jẹ́ kí ìka rí kílọ́ọ̀ṣì fà. Gíláàsì ojú akoto náà ṣe pàtàkì, ẹni tí kòkòrò bá ti sọ lójú lálẹ́ kò nílò àlàyé.

Akoto méjì ni mo ń gbé báyìí. Èrò kan á ní òun kò mọ ẹni tó dé e kẹ́yìn, òmíràn á ní ẹ̀rù oògùn ń ba òun. N kì í bá wọn jà. Mo ra fìlà ọ̀rá péńpé sínú àpò, mo ń fún wọn ní ọ̀kan kí wọ́n kọ́kọ́ dé, àwọn ìyá mi ọlọ́jà a sì fi gèlè wọn bo irun. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ̀ lápá òsì, kí sàlẹ́ńsà má bàa jó wọn ní ojúgun.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn alága ìdíkọ̀ gbogbo n'Ìbàdàn nìyí: ẹ̀yin lẹ̀ ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún wa láàárọ̀ kí a tó gbé èrò àkọ́kọ́. Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹni tó na owó sí yín. Bó bá wọ sílípáàsì, ẹ má gba owó rẹ̀, ẹ ní kó lọ wọ bàtà wá.

Bàtà kan wà nílé mi tí ọmọ mi ọkùnrin fi sílẹ̀ nígbà tó kó lọ sí Abẹ́òkúta, ó le dáadáa, 43 ni ìwọ̀n rẹ̀. Ọlọ́kadà tí kò bá tíì ní, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbà á, kó wá mi wá sí ìdíkọ̀ wa ní Òjóò. Mo máa ń débẹ̀ kí agogo méje àárọ̀ tó lù.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ìbejì, ọlọ́kadà,
Òjóò, Ìbàdàn.