Lẹ́tà sí Bàbá Káfíńtà, láti Mysore

Bàbá Káfíńtà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ọ̀dá owó pẹ̀lú, torí mo mọ̀ pé àwọn oníbàárà yín kò tíì yí padà. Ààfin Mysore ní gúúsù Íńdíà ni mo fẹ́ sọ fún yín. Gbogbo ẹni tí a jọ wọlé ló ń gbé ojú sókè sí àjà, èmi ń wo ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Igi ni wọ́n fi kọ́ ààfin tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1897, níbi ìgbéyàwó Jayalakshammanni, ọmọ ọba obìnrin, iná sọ, ó sì jó ilé náà. Ọba tó wà lórí oyè nígbà náà, Krishnaraja Wadiyar kẹrin, ọmọdé ni, ìyá rẹ̀ ló ń bá a di ìjọba mú. Wọ́n ké sí òyìnbó kan, Henry Irwin, pé kó ya àwòrán ilé tuntun. Ọdún 1912 ni iṣẹ́ parí. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá: òkúta ni wọ́n fi kọ́ ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí. Ẹ sì wá wo gbọ̀ngàn ìgbéyàwó tó wà nínú rẹ̀. Irin ni gbogbo òpó ibẹ̀, gíláàsì aláwọ̀ tí wọ́n ya ọ̀kín sí ló sì bo òkè rẹ̀. Láti Glasgow ní Scotland ni wọ́n ti rọ irin ọ̀hún, tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá. Ìgbéyàwó ló dá iná sílẹ̀, ilé ìgbéyàwó ni wọ́n sì kó irin sí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìdí nìyẹn o, èmi ni mo rò ó bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀ wọn ò lè fi igi sílẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pè ní Ambavilasa, níbi tí ọba ti máa ń gba àwọn àlejò pàtàkì nígbà ayé àwọn ọba, ilẹ̀kùn kan wà tí wọ́n fi rosewood ṣe. Igi pupa tó ti fẹ́ dúdú ni, ó le, ó ń dán. Wọ́n gbẹ́ ojú rẹ̀, wọ́n sì fi eyín erin dí ojú tí wọ́n gbẹ́. Mo tẹjú mọ́ ọn títí, n kò rí ibi tí ìkan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn fàdákà náà wà níbẹ̀, àwọn èèyàn sì ń tì ara wọn nítorí rẹ̀. Fàdákà dára, àmọ́ alágbẹ̀dẹ ló ni ìyẹn.

Eyín erin yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn tán, ṣá. Ìdílé ọba yìí kan náà ló máa ń fi erin ṣe ayẹyẹ rí. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn Dasara, ayẹyẹ ẹ̀sìn Hindu tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún, erin kan á gbé àga tí wọ́n fi wúrà bò, tó wúwo tó 750 kílò, jáde láti ààfin, àwọn erin yòókù á tẹ̀ lé e. Láyé àtijọ́, ọba ló máa ń jókòó sínú rẹ̀. Ìjọba Íńdíà gba ẹ̀tọ́ àwọn ọba lọ́wọ́ wọn ní 1971, ère òrìṣà Chamundeshwari ló ń jókòó síbẹ̀ báyìí. Arjuna ni erin tó gbé e fún ọdún bíi mélòó kan. Erin igbó pa á ní 2023, Abhimanyu ló sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Ẹ wá gbọ́ èyí tó máa dùn mọ́ yín: igi ló wà lábẹ́ wúrà yẹn. Káfíńtà ló kọ́kọ́ kàn án kí alágbẹ̀dẹ tó dé.

Bó bá di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n á tan gílóòbù tó sún mọ́ 100,000 sára ilé náà látòkè délẹ̀. Ariwo á ta. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n yàn, ilẹ̀kùn yẹn ni n óò mú.

Mo ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù ọmọ iṣẹ́ yín. Ẹ ní kó fẹ̀ ẹ́, kí ẹ wo igun ìsàlẹ̀, lọ́wọ́ òsì. Báwo ni wọ́n ṣe gé eyín erin tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ kó ṣẹ́? Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn tẹ̀ ẹ́ fún yín o, yóò gé e kúrú.

Èmi ọmọ yín.