Lẹ́tà ìparí táàmù kejì: ẹ jẹ́ kí ìwé láíbìrì dé ilé yín

Ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin alágbàtọ́ ọmọ,

Ẹ kú iṣẹ́ kajú o, ẹ sì kú ìnáwó ọmọ. Mo mọ̀ pé oko ni ọ̀pọ̀ yín wà lásìkò yìí, torí ẹ̀ mi ò ní pè yín sí mítìnì. Ọmọ yín ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Ẹni tí kò bá lè kà á, kí ọmọ náà kà á sí i létí, torí ìyẹn gan-an wà lára ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ.

Rísọ́ọ̀tì wà nínú báàgì wọn, owó PTA ò yí padà. Ọ̀rọ̀ láíbìrì ló kù.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn mo jókòó sínú láíbìrì wa, mo ṣí rẹ́jísítà tí a fi ń kọ orúkọ ẹni tó bá yá ìwé, láti January, kò kún ojú ewé méjì. Ìwé wà o. Àwọn ọmọ ìlú wa tó wà l'Ékòó kó wá, a gbé e kúrò nílẹ̀ torí ikán, a nu eruku ọyẹ́ kúrò lára ẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń gbé e. Ẹjọ́ fóònù ni mo kọ́kọ́ ń rò. Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọmọbìnrin kan ní JSS2, tó ń ti abà wá, dá ìwé tó yá lánàá padà. Ó fi ọ̀rá dúdú wé e lẹ́ẹ̀mejì, ó tún wá fi gèlè ìyá ẹ̀ dì í bí ẹni di ẹyin. Mo ní ṣé o ti kà á tán ni? Ó ní rárá mà, màámi ní kí n dá a padà, wọ́n ní tí ewúrẹ́ bá jẹ ẹ́, níbo làwọn ti fẹ́ rówó san.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Torí àwa náà la lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gàdàgbà pé ẹni tó bá ba ìwé jẹ́ máa san ìlọ́po méjì. Mo ti fọwọ́ ara mi já bébà yẹn kúrò. Láti táàmù tó ń bọ̀, ọmọ kankan ò ní san kọ́bọ̀ torí ìwé tó ya tàbí tí òjò pa. Tó bá ya, kí ó kó ohun tó ṣẹ́ kù wá, gọ́ọ̀mù wà níbí, a máa lẹ̀ ẹ́. Ìwé tó gbó lọ́wọ́ ọmọ sàn fún mi ju èyí tí ikán jẹ lórí ṣẹ́ẹ̀fù lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé eré ni. Àwọn ọmọ wa ní SS3 lè pe Òyìnbó jáde lẹ́nu geere, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí ni ohun tó o kà yìí ń sọ, wọ́n á máa wo òkè. Ìbéèrè 180 ni JAMB máa ń bi wọ́n láàárín wákàtí 2 péré, 60 nínú ẹ̀ jẹ́ ti Use of English nìkan, ọmọ tó bá ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kò lè bá aago yẹn sáré, bó ti wù kó gbọ́n tó.

Àwọn òbí kan tún máa ń bínú tí ọmọ bá gbé ìwé Yorùbá wálé, wọ́n á ní Òyìnbó làwọn rán an lọ kọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ jálẹ̀ ọdún mẹ́fà praìmárì, wọ́n wá ń kọ́ wọn ní Òyìnbó lọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tó yí sí Òyìnbó láti praìmárì kẹrin lọ, títí kan Òyìnbó fúnra ẹ̀. Kódà nígbà tí Henry Townsend, míṣọ́nnárì Òyìnbó, bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn l'Ábẹ́òkúta ní 1859, ohun tó ní òun ń wá ni kí ìwé kíkà mọ́ àwọn èèyàn lára, Yorùbá ló sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo ń tọrọ ò pọ̀. Lálẹ́, tí ẹ bá jẹun tán, kí ọmọ ka ojú ewé méjì sókè fún yín, kí ẹ sì bi í pé kí ló wá ṣẹlẹ̀? Kò dìgbà tí ẹ bá mọ̀wé, etí yín máa sọ fún yín tó bá ń kọsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń já kóró kajú lábẹ́ igi, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ lè jókòó kó máa kà fún ẹ̀yin tó kù. Ẹni tí kò bá níná, kí ọmọ ẹ̀ wá bá tíṣà láíbìrì, lámpù sólà wà tí a ń yá wọn, ó kàn gbọ́dọ̀ dá a padà ní Friday ká lè gbé e fún ẹlòmíì.

A ó máa ṣí láíbìrì títí di aago mẹ́rin ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Ẹni tó bá wá ta ẹrù lè yà, ọmọ iṣẹ́ téló náà lè wá, kì í ṣe ọmọ iléèwé wa nìkan la ṣí i fún.

Ìwé kan wà nínú báàgì ọmọ yín lónìí pẹ̀lú lẹ́tà yìí, tíṣà ẹ̀ ló bá a yàn án. Ẹ buwọ́ lu ìsàlẹ̀ lẹ́tà, tàbí kí ẹ tẹ̀ka, pé ẹ ti rí i. Kó gbé e wá lọ́jọ́ tí a bá wọlé.

Èmi ni tiyín,
Prínsípà