Lẹ́tà sí Àkànní lórí ṣọ́ọ̀bù ẹja tó fẹ́ ṣí

Àkànní ọmọ mi,

Ẹ̀gbọ́n rẹ ti bá mi ka ètò òwò tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Inú mi dùn sí i. Ọjọ́ kan ò lè lọ kí àwọn ará Àkúrẹ́ má jẹ ẹja. Ṣùgbọ́n iye tí ọjà máa mú wọlé lóṣù ni o kọ kún ìwé. Mi ò rí iye tí wàá fi ra òmíràn tí èyí bá tán. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tuntun ń kú sí.

Ká ní o ra páálí Titus kan ní 80,000 náírà, o tà á tán ní 90,000. Ìwọ á ní o ti jèrè 10,000. Tí o bá wá padà lọ rajà, tí wọ́n ní ó ti di 88,000 ńkọ́? Ó ku 2,000, o ò sì tíì yọ owó ọkọ̀ àti ti ọ̀rá. Òkè òkun ni Titus àti kote ti ń wá, dọ́là ló ń pa iye lé wọn. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, pé kí ọjà fúnra rẹ̀ máa dá iye rẹ̀, dọ́là kan ò tó 500 náírà ní báńkì. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti lé ní 900. Ẹni tó ń ta ọjà ní iye àná lásìkò yẹn, àwọn oníbàárà ń ṣàdúrà fún un, kò mọ̀ pé ojú owó lòun ń tà.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ firísà. Mẹ́ta lo kọ. Kí lo fẹ́ fi mẹ́ta ṣe? Firísà tó kún dẹ́nu, tí a ò ṣí, lè mú ẹja le fún bí ọjọ́ méjì láìsí iná. Èyí tó kún dé ìdajì ò lè ju ọjọ́ kan lọ. Ra ẹyọ kan, kí o kó ẹja kún un. Tí yìnyín bá sì ti ń yọ́ lára ẹja, ìwọ̀n kílò rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ nìyẹn. Owó rẹ ló ń ṣàn lọ. Béèrè bóyá Band A ni àdúgbò yẹn, ìyẹn àwọn tí ilé-iṣẹ́ iná ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná wọn láti 68 náírà lọ sí 225 fún kílówáàtì-wákàtí kan. Òótọ́ ni pé wọ́n ń rí iná ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ẹja ló máa san án.

Kánópì àti ike tí o fẹ́ kọ orúkọ rẹ sí láti fi ṣí ṣọ́ọ̀bù, jọ̀ọ́, yọ ọ́ kúrò. (Àwọn tó máa gba ike náà gan-an ló máa kọ́kọ́ ra àwìn.) Àwọn ará ilé ìyàwó rẹ náà, owó lọ́wọ́ ni. Tí ojú bá ń tì ọ́, sọ pé èmi ni mo ní kí o má tà láwìn. Mo lè gba ìbínú wọn.

Owó kóòpù (ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù) tí o fẹ́ yá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lóṣù tó tẹ̀ lé e, yálà ọjà tà tàbí kò tà. Ìdajì rẹ̀ ni kí o yá. Kí o sì dá iye kan pàtó tí wàá máa mú jẹun lọ́sẹ̀. Má ṣe na ọwọ́ sínú àpótí owó nígbàkígbà tí ebi bá dé.

Tún ìṣirò náà ṣe kí o fi ránṣẹ́ padà. Má tíì sanwó ṣọ́ọ̀bù yẹn. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.