Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ta Ló Di Ìgbakọ Mú?

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀ o, ẹ sì kú òjò yìí náà. Ọ̀rọ̀ míì ni mo ti kọ kalẹ̀ fún bulẹ́tìnì ti ọ̀sẹ̀ yìí kó tó di pé màmá kan bá mi lẹ́yìn Bible study, ó ní Dádì ẹ bá mi gbàdúrà, mo fẹ́ mú ọmọ mi kúrò ní sukúù àdúgbò wa ní Kúdẹtì, nínú ìgboro Ìbàdàn níbí, lọ sí ọ̀kan lápá Bódìjà, ìjọba náà ló ni ín o, àmọ́ wọ́n ní ibẹ̀ dáa. Mo gbàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n n ò rí oorun sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí ìjọba kan náà ni, owó oṣù kan náà ni wọ́n ń san fún tíṣà, ohun kan náà ni wọ́n ní kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ, kí ló wá fà á tí ti ibí fi dáa tí ti ọ̀hún ò dáa?

Mo bá gbéra, mo lọ wo méjèèjì fúnra mi. Ní ti ìgboro, ọmọ tó ju àádọ́rin lọ ni mo bá nínú kíláàsì kan, ẹni mẹ́rin lórí bẹ́ńṣì ẹni méjì, àwọn kan sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe dúró síbẹ̀, ariwo páànù bo gbogbo ilé, tíṣà kàn ká ọwọ́ gbera ni, ó ń wo àwọn ọmọ, àwọn ọmọ náà ń wò ó. Ní ti Bódìjà, fẹ́ǹsì wà, omi ẹ̀rọ wà, ilé ìyàgbẹ́ mọ́, àwọn òbí ló sì ń dáwó san fún tíṣà ìṣirò kan tí ìjọba ò gbà síṣẹ́ rárá. Ọ̀gá ibẹ̀ wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní Pásítọ̀, ìjọba ò fún wa ní nǹkan kan tí wọn ò fún wọn o, àwọn òbí tiwa ló lówó lọ́wọ́.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tí òrùlé bá ń jò níbi tí àwọn òbí ti jẹ́ lọ́yà àti òṣìṣẹ́ báǹkì, mẹ́sẹ́èjì kan lórí WhatsApp ti tó, kó tó di Friday káfíńtà ti wà lórí àjà. Ìyá tó ń ta ata l'Ọ́jà'ba, ta ló fẹ́ pè? Tíṣà náà kúkú lẹ́sẹ̀, ó máa wá ọ̀nà kí wọ́n gbé òun lọ síbi tí títì ti dáa. Èyí tó wá burú jù ni pé òbí tó lè pariwo lórí bẹ́ńṣì tó kán ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa kó ọmọ ẹ̀ kúrò, àwọn tí ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ ló máa ṣẹ́kù síbẹ̀. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tèmi o, ẹ má jẹ̀ẹ́ n purọ́ fún yín.

Kúdẹtì tá à ń sá kúrò yìí, ṣé ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìwé ti bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn? Nígbà tí Hinderer, òyìnbó míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà (CMS), àti ìyàwó ẹ̀ dé ní 1853, ibẹ̀ ni wọ́n ṣí sukúù sí, ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn láti fọmọ sílẹ̀, àfìgbà tí ìjòyè Olúnlọ́yọ̀ fún wọn ní ọmọ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé. Ní ayé ìgbà yẹn Bódìjà ò tíì sí, ìparí àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Western Region tó kọ́ estate ibẹ̀. Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, kí ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ olówó lè jọ bọ́ sí kíláàsì. Ní 2019 náà, Gómìnà Mákindé fagi lé owó 3,000 náírà tí wọ́n ń gbà lọ́dún lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó dáa bẹ́ẹ̀, mo yìn ín. Àmọ́ owó tí wọn ò gbà mọ́ ò sọ pé kí bẹ́ńṣì pọ̀ sí i.

Ẹ lọ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6. Ìjọ kan ni, Ẹ̀mí Mímọ́ wà níbẹ̀, oúnjẹ wà, síbẹ̀ tí wọ́n bá ń pín in lójoojúmọ́ wọ́n ń fo àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì. Àwọn àpọ́sítélì ò sọ fún àwọn opó pé kí wọ́n lọ gbààwẹ̀, wọn ò ní kí wọ́n kó lọ sí àdúgbò míì. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje, tẹ́ ẹ bá sì wo orúkọ wọn, Sítéfánù, Fílípì, Tímónì àti àwọn tó kù, orúkọ Gíríìkì ni gbogbo ẹ̀ pátá. Ìgbakọ ni wọ́n gbé lé àwọn tí oúnjẹ ò dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́wọ́ yẹn.

Torí náà n ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ọmọ ẹ̀ lọ síbi tó dáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó lọ sí Bódìjà àti Akóbọ̀ ni mò ń bá wí, ẹ̀yin tí ilé bàbá yín ṣì wà ní ìgboro tó jẹ́ pé ìsìnkú nìkan ló ń gbé yín débẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn kejì, ẹ dúró nínú gbọ̀ngàn. Àwọn òbí tó lọ́mọ ní sukúù ìgboro yẹn ló máa sọ̀rọ̀ ṣáájú, àwọn ló máa yan ẹni tó máa ṣojú wọn nínú PTA, ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ èèyàn kẹ́ ẹ kàn mú fóònù yín dání. Ẹnjiníà kan nínú yín ti ṣèlérí láti lọ wo òrùlé, n ò ní dárúkọ ẹ̀ kó má baà sá. Àwọn kọ́pà wa náà máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́sìnnì ọ̀fẹ́ ní Tuesday àti Thursday, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọmọ Mùsùlùmí náà kó máa bọ̀.

Màmá tó ní kí n gbàdúrà yẹn ti fi dá mi lójú pé òun máa wá. Ọmọ ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Bódìjà, takisí Máíkírà méjì ló ń wọ̀ láràárọ̀. Àbúrò ẹ̀ ṣì wà ní Kúdẹtì.