Àjọkẹ́, ẹ̀yìn ìlà ni kí o ti máa kà á

Ìlọrin,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Àjọkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ó tójọ́ mẹ́ta kan o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Òtútù Kánádà ńkọ́? Àwa náà wà lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo ka ohun tí o kọ nípa fáìlì owó ẹgbẹ́ yín. O ní ètò tí o fi Python, èdè kọ̀ǹpútà, kọ láti kà á ń ṣiṣẹ́ lọ dáadáa, àfi kó déédéé dúró pẹ̀lú IndexError, ìyẹn àṣìṣe tó ń sọ pé kò sí nǹkan kan ní ipò tí o béèrè. Ohun tó fà á ni pé o pàṣẹ fún un pé ọ̀rọ̀ kẹta lórí ìlà ni owó, bẹ́ẹ̀ orúkọ èèyàn ò gùn bákan náà. Ìlà tó kúrú ló ń pariwo yẹn. Èyí tó gùn jù ni kí o bẹ̀rù, nítorí ó lè fi ọ̀rọ̀ mìíràn sípò owó láì fọhùn.

Àǹtí mi tó ń ta òwú fún àwọn aláṣọ òkè níbí ní irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Orí fóònù ni ọmọ rẹ̀ ń tẹ ìwé àwìn sí:

Ìyá Ríṣíkátù
òwú pupa 4500
òwú aláró tín-ín-rín 7200

Bàbá Àlàó Pakátà
òwú sányán 9000

Ẹnì kan lè gba ọjà ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹlòmíì gbà á títí ìlà á fi kún ojú fóònù. Ṣùgbọ́n ohun méjì kì í yẹ̀: ìlà òfìfo ló ń pààlà láàárín oníbàárà méjì, owó ló sì máa ń gbẹ̀yìn ìlà. Ibẹ̀ ni mo dì mú:

import re
iwe = open("awin.txt", encoding="utf-8").read().strip()
for eniyan in re.split(r"\n\s*\n", iwe):
    oruko, *oja = eniyan.splitlines()
    for ila in oja:
        nkan, owo = ila.rsplit(maxsplit=1)

Ọwọ́ ọ̀tún ni rsplit ti ń gé e, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ohun tó kù níwájú tó ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́wàá. Ìràwọ̀ tó wà níwájú oja ló ń kó gbogbo ìlà tó bá ṣẹ́kù, bó ti wù kí wọ́n pọ̀ tó. Mo fi \s*, tó dúró fún àlàfo bó ti wù kó pọ̀ tó, sáàárín \n méjì tó jẹ́ òpin ìlà, nítorí ìlà tí a rò pé ó ṣófo lè ní àlàfo tí ojú ò rí.

Tó bá jẹ́ pé àròpọ̀ owó nìkan lo fẹ́, awk, ètò kékeré tó ń ka fáìlì ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tó o. Ọdún 1977 ni Aho, Weinberger àti Kernighan ṣe é ní Bell Labs, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, $NF rẹ̀ ṣì ni ọ̀nà tó kúrú jù tí mo mọ̀ láti mú ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn ìlà.

Jọ̀ọ́, má fi iye lẹ́tà gé orúkọ Yorùbá. Ojú wa rí ẹ́ bí ẹyọ kan, ṣùgbọ́n Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní kóòdù lórí kọ̀ǹpútà, ò ní kóòdù kan ṣoṣo fún un: Python lè kà á sí méjì, ó sì lè kà á sí mẹ́ta bí ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ bá ya àmì ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára e. Irú ìyàtọ̀ yìí ló máa sọ Ìyá Ríṣíkátù kan di oníbàárà méjì, gbèsè rẹ̀ á sì pín sí ọ̀nà méjì. Kó o tó fi orúkọ wé orúkọ, fi unicodedata.normalize("NFC", oruko) tún un ṣe, kí lẹ́tà àti àmì gbogbo lè wà ní ọ̀nà kan náà.

Bí ìlà kan ò bá ní owó lẹ́yìn, má fi try àti pass, tó ń gbójú fo àṣìṣe, fò ó. Yọ kámà kúrò nínú owó ná, kí o wá fi isdigit yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nọ́ńbà nìkan ló jẹ́. Èyí tí kò bá yege, tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú nọ́ńbà ìlà rẹ̀, kí o sì bi ẹni tó kọ ọ́. Owó olówó ni, Àjọkẹ́. Báyìí ni mo ṣe ń ṣe ti Àǹtí mi, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà.

Fi ìlà díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nínú fáìlì tìrẹ, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ fi orúkọ mìíràn rọ́pò ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́